Nicolas-Jacques Conté, Ọ̀gá Àwọn Oníbàlúùnù

Ẹ mú kereyọ́n yín dání. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní pẹ́ńsù. Ẹ wo ṣóńṣó orí rẹ̀ dáadáa. Nǹkan dúdú tí ó wà láàárín igi náà kì í ṣe èédú, kì í sì í ṣe irin. Amọ̀ ni wọ́n pò mọ́ òkúta dúdú kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì sun nínú iná. Nicolas-Jacques Conté ni ó ṣe irú kereyọ́n yìí ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó ṣe é, kereyọ́n kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Bàlúùnù ni. Iṣẹ́ bàlúùnù náà ni ó sì gba ojú rẹ̀ kan.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1755 ni wọ́n bí Conté, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Sées, ní agbègbè Normandie. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti dúró jẹ́ẹ́. Ìtàn sọ pé ọ̀bẹ nìkan ni ó fi gbẹ́ fayolíìnì kan nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Fayolíìnì jẹ́ ohun èlò orin tí ó jọ gòjé. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ọgbà ní ilé ìwòsàn ìlú Sées. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó mọ àwòrán yà. Wọ́n ní kí ó ya àwòrán sí ilé àdúrà ilé ìwòsàn náà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn ènìyàn ń sanwó fún un kí ó lè ya àwòrán ojú wọn. Ohun tí ó fi jẹun nìyẹn títí ó fi kó lọ sí Paris, níbi tí ó ti kọ́ nípa afẹ́fẹ́, iná, omi àti irin.

Ní ọdún 1783, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Montgolfier. Ilé iṣẹ́ bébà ni bàbá wọn ní. Wọ́n fi aṣọ àti bébà ṣe àpò ńlá kan, ó rí rìbìtì bí igbá. Wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kún inú àpò náà, ó sì gbéra nílẹ̀, ó lọ sókè réré. Àpò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní bàlúùnù. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ọkùnrin méjì wọ bàlúùnù àwọn Montgolfier, wọ́n sì fò kọjá lórí Paris.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná tètè ń tutù. Bí ó bá ti tutù, bàlúùnù á bọ̀ wálẹ̀. Iná tí ó ń jó lábẹ́ bébà àti aṣọ pẹ̀lú, gbogbo yín mọ ohun tí ó lè dà. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe lo afẹ́fẹ́ kan tí ó fúyẹ́ gan-an, tí kò nílò iná lábẹ́ rẹ̀. Haidirójìn ni orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ogun dé. Ilẹ̀ Faransé ń bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olórí ogun fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọ̀tá wà. Bí ènìyàn bá gun orí igi, yóò rí ibi tí ó jìnnà díẹ̀. Bí ó bá wà nínú bàlúùnù tí wọ́n fi okùn dè mọ́lẹ̀, yóò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìjọba wá dá ibi iṣẹ́ bàlúùnù sílẹ̀ ní Meudon, lẹ́bàá Paris. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Coutelle ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, Conté sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Coutelle gbé bàlúùnù lọ sí ojú ogun, Conté ni ó di ọ̀gá ní Meudon. Ó ń ṣe bàlúùnù, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń rí haidirójìn. Wọ́n á fi bíríkì mọ ààrò ńlá. Wọ́n á to ọ̀pá irin oníhò sínú rẹ̀, wọ́n á sì dáná títí irin á fi pọ́n bí ẹ̀yinná. Wọ́n á wá jẹ́ kí omi tí ó ti di ooru gba inú àwọn ọ̀pá náà kọjá. Irin gbígbóná á gba apá kan nínú omi náà mọ́ra. Apá kejì á jáde. Haidirójìn nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn wà tí ó yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ ni wọ́n ń lò fún un, ìjọba sì fẹ́ fi gbogbo imí-ọjọ́ ṣe ẹ̀tù ìbọn. Nítorí náà, irin àti omi ni wọ́n ní láti lò. Kí bàlúùnù kan tó kún, ó máa ń ju ọjọ́ kan lọ.

Bí ó bá wá kún tán ńkọ́? Ẹ rántí bàlúùnù kékeré tí àwọn ọmọ ń fẹ́ ní ọjọ́ ọdún. Ní alẹ́, ó le gbagidi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti rọ. Afẹ́fẹ́ ti yọ́ jáde níbi tí ojú kò lè rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni haidirójìn ṣe ń yọ́ jáde lára aṣọ. Aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n fi ń rán bàlúùnù náà, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí kò ní ihò wínníwínní láàárín òwú rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n rán pẹ̀lú ní ihò abẹ́rẹ́. Kí ni ènìyàn á ṣe pẹ̀lú bàlúùnù tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ kún, tí yóò sì rọ kí ó tó dé ojú ogun?

Fáníìṣì ni Conté fi dá a lóhùn. Ẹ mọ fáníìṣì: òun ni àwọn káfíńtà ń fi pa àga kí ó lè máa dán. Èyí tí ó wọ́pọ̀ máa ń le bí ó bá gbẹ. Bí wọ́n bá fi pa aṣọ, tí wọ́n sì ká aṣọ náà, á sán. Conté ń po irú kan mọ́ òmíràn, ó ń dán an wò, ó ń tún un pò. Ó rí èyí tí ó dí ihò aṣọ, tí ó sì rọ̀ tó láti bá aṣọ ṣẹ́. Pẹ̀lú fáníìṣì yìí, bàlúùnù lè wà ní kíkún fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò tètè rí ẹni tí ó lè ṣe irú rẹ̀.

Ní ọdún 1794, àwọn ọmọ ogun gbé bàlúùnù kan tí ń jẹ́ Entreprenant láti ìlú Maubeuge lọ sí Charleroi. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 50. Wọn kò tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù. Wọ́n di okùn rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń fò lókè orí wọn, wọ́n ń rìn nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, wọ́n jagun ní Fleurus, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Coutelle wà nínú bàlúùnù náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ń wo bí àwọn ọ̀tá ṣe ń rìn. Bí ó bá rí nǹkan, á kọ ọ́ sórí bébà, á fi ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ Faransé borí ní ọjọ́ náà. Conté kò sí níbẹ̀. Ó wà ní Meudon, ó ń ṣe bàlúùnù mìíràn.

Haidirójìn fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó burú bí ó bá pàdé iná. Ní ọjọ́ kan, Conté wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Meudon. Haidirójìn tí ó ń yẹ̀ wò wà nínú ohun èlò onídígí. Iná dé ibẹ̀. Dígí bú gbàù, àfọ́kù rẹ̀ sì fò lu ojú rẹ̀. Ojú òsì fọ́. Ayàwòrán ni Conté, ojú sì ni ayàwòrán fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi aṣọ bo ojú tí ó fọ́. Ẹ ó rí aṣọ náà nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù. Kò kúrò ní Meudon. Ìjọba fún un ní ipò gíga láàárín àwọn ọmọ ogun, ó sì padà sí ìdí fáníìṣì àti ṣẹ́dà rẹ̀.

Ní àkókò ogun yẹn náà ni ọ̀rọ̀ kereyọ́n dé. Òkúta dúdú tí ó dára jù fún kereyọ́n, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá Faransé jà, wọn kò tà á fún wọn mọ́. Àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ogun kò rí kereyọ́n lò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé. Lazare Carnot, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọba, ní kí Conté wá nǹkan ṣe sí i. Irú òkúta dúdú tí ó wà nílé kò dára, ṣe ni ó ń rún. Conté kò bá a jà. Ó lọ̀ ọ́ kúnná pátápátá. Ó po amọ̀ tí ó mọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é ní gígùn tín-ín-rín, ó sì sun ún nínú ààrò bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá ń sun ìkòkò. Ó wá fi igi bò ó. Ó rí i pé bí amọ̀ bá pọ̀, kereyọ́n á le, á sì kọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí amọ̀ bá kéré, á rọ̀, á sì kọ dúdú. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó fi ṣe gbogbo èyí. Ní ọdún 1795, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ni ó ni iṣẹ́ náà.

Conté wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bójú tó ilé kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní Conservatoire des Arts et Métiers. Ọdún 1794 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ ni wọ́n ń kó pa mọ́ síbẹ̀, kí wọ́n má baà bàjẹ́, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì lè wá kọ́ nǹkan lára wọn. Ilé náà ṣì wà títí di òní.

Ní ọdún 1798, Napoléon Bonaparte kó ogun lọ sí Íjíbítì. Àwọn ará Íjíbítì kò pè é. Conté àti àwọn oníbàlúùnù bá a lọ. Wọn kò rí bàlúùnù wọn lò bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ba ọkọ̀ ojú omi Faransé jẹ́ ní Aboukir, púpọ̀ nínú ohun èlò wọn sì ṣègbé. Nígbà tí àwọn ará Kairo dìde sí wọn ní oṣù kẹwàá, irinṣẹ́ mìíràn tún lọ. Conté wá ní láti ṣe irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe irinṣẹ́. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kairo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń hun aṣọ, tí wọ́n ń rọ idà, tí wọ́n ń ṣe ọ̀bẹ àwọn oníṣègùn, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti lọ ọkà. Ó fi bébà ṣe bàlúùnù kan pẹ̀lú, irú ti àwọn Montgolfier. Wọ́n pe àwọn ará Kairo wá wò ó. Ó gòkè díẹ̀, ó sì já wálẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan ní Kairo tí ń jẹ́ al-Jabarti rí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò yàtọ̀ sí ohun ìṣeré tí àwọn ìránṣẹ́ ń ṣe ní ọjọ́ ọdún.

Conté padà sí Paris. Wọ́n ní kí ó bójú tó ìwé ńlá kan nípa Íjíbítì, tí àwòrán kún inú rẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fún ojú ọ̀run inú àwọn àwòrán náà. Ohun tí ń gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ̀rọ náà á fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe é. Kò rí òpin ìwé náà. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1805. Ọmọ àádọ́ta ọdún ni.

Ilé ẹ̀kọ́ bàlúùnù ní Meudon ti kógbá sílé ní ọdún 1799. Àwọn bàlúùnù ibẹ̀ gbó, wọ́n sì run. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kù, ọwọ́ àwọn ọ̀tá ni ó sì wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1796, àwọn ọmọ ogun Ọ́sítríà ṣẹ́gun Faransé ní Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n kó bàlúùnù kan tí ń jẹ́ Intrépide. Wọn kò sun ún. Wọn kò gé aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀ láti fi rán ẹ̀wù. Wọ́n gbé e lọ sí Vienna, olú ìlú wọn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Kò rọrùn láti tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń ba ṣẹ́dà jẹ́. Ọ̀rinrin ń mú un hu. Kòkòrò ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ká a sí ojú kan náà fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ á ya. Síbẹ̀, ó ti lé ní 200 ọdún báyìí, Intrépide sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Vienna. Ó wà lára àwọn ohun tí ó tíì fò tí ó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Yúróòpù.