Alan Turing: Ọkùnrin tó tú àdììtú ogun Jámánì

Bí ìyá onítòmátò kan bá jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjà Mile 12, ní Kétu, tó sì fi áàpù báńkì orí fóònù sanwó fún ẹni tó kó ẹrù wá láti Kánò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí olè bá tilẹ̀ já ìsọfúnni náà gbà lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ni yóò bá, nítorí pé ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di àdììtú. Ohun tó jọ èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa a máa fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ pàrokò ránṣẹ́, ẹni tó sì ń gbé e lọ lè má mọ ohun tó ń sọ. Ní ti àdììtú ayé òde òní, orúkọ tí a kò lè fò ni ti Alan Turing.

Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 1912. Ilẹ̀ Íńdíà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nítorí náà ọwọ́ alágbàtọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dàgbà ní England. Lọ́jọ́ tó yẹ kó wọ ilé ẹ̀kọ́ Sherborne ní 1926, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kò rìn. Ọmọ ọdún 13 yìí gun kẹ̀kẹ́ lọ, nǹkan bí 60 máìlì.

Ní 1936, ní Yunifásítì Cambridge, ó ṣàpèjúwe ẹ̀rọ kan tí kò sí níbì kankan àfi lórí ìwé. Ó ní tẹ́ẹ̀pù gígùn tí a pín sí ojúlé kéékèèké, àti ojú kan tó ń ka àmì inú ojúlé kọ̀ọ̀kan, tó lè pa á rẹ́ tàbí kó kọ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fún un. Orí èrò yìí ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dúró lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù náà sọ́kàn.

Nígbà tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1939, ìjọba pè é sí Bletchley Park. Àwọn ará Jámánì ń fi ẹ̀rọ Enigma sọ ọ̀rọ̀ ológun di àdììtú, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yí ètò rẹ̀ padà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Poland ló kọ́kọ́ tú u, kò yẹ ká fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Turing ṣe ẹ̀rọ tuntun tó ń wá ètò ọjọ́ náà kíákíá, ó sì kọjú sí àdììtú ọmọ ogun ojú omi, èyí tó le jù lọ. Ìjà náà dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní oṣù karùn-ún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi U-69 ti Jámánì fi bọ́ǹbù pamọ́ sínú omi lẹ́nu èbúté Èkó. Nígbà tí oṣù kẹfà wọlé, ọ̀kan bú gbàmù, ó sì mú kí ọkọ̀ agbẹ́-yanrìn Robert Hughes rì. Ọdún yẹn kan náà ni Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ ẹrù sì ń rí ọ̀nà yà fún wọn.

Oyè OBE ni wọ́n fi san án fún un, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe. Ní 1952, olè fọ́ ilé rẹ̀, ó sì lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé òun àti ọkùnrin kan ń bá ara wọn lò, èyí tí òfin ilẹ̀ náà kà sí ọ̀ràn nígbà náà. Ẹ̀wọ̀n tàbí egbòogi tí yóò pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ọ̀kan ni kó mú. Ó mú egbòogi. Wọ́n tún lé e kúrò nídìí iṣẹ́ àṣírí ìjọba. Ọkùnrin tó pa àṣírí orílẹ̀-èdè mọ́ láì yẹ̀, àṣírí tirẹ̀ ni wọ́n tú sí gbangba kóòtù! Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1954, májèlé pa á nínú ilé rẹ̀ ní Wilmslow, lẹ́ni ọdún 41. Ìwádìí ìjọba ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 2013 ni Ọbabìnrin Elizabeth tó dárí jì í.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tẹ́ẹ̀pù ọjọ́sí. Ní 1953, Watson àti Crick ṣàlàyé bí DNA, tó ń gbé àbùdá ẹ̀dá láti ara òbí sára ọmọ, ṣe rí: okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, tí lẹ́tà mẹ́rin, A, T, C àti G, tò sí lára, A ń so mọ́ T, C ń so mọ́ G. Lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún, Leonard Adleman, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gbé àdììtú RSA jáde ní 1977, ń ka ìwé nípa DNA. Ó ṣàkíyèsí pé èròjà tó ń ṣe ẹ̀dà DNA nínú ara a máa rìn lórí okùn náà, a máa ka lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, a sì máa kọ ìkejì rẹ̀, bí ẹ̀rọ Turing gẹ́lẹ́. Ní 1994, ó fi DNA inú ìgò wá ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ojúkò méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ méje ni ó gbà á, ohun tí ọmọléèwé lè fi pẹ́ńsù ṣe! Ṣùgbọ́n àìmọye okùn DNA ló ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ló ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu.

Ní 1999, àwọn mẹ́ta kan ní New York, tí ọ̀kan wọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, fi lẹ́tà DNA kọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Wọ́n fi í pamọ́ sáàárín DNA ènìyàn, wọ́n kán an sórí àmì kékeré bí ojú ìdánudúró lórí ìwé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ogun tí Turing jà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, àti Normandy, níbi tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí ní 1944.