Josip Broz Tito, Ọmọ Abúlé Tó Di Olórí Orílẹ̀-Èdè

Ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù tí à ń pè ní Balkan. Òkè pọ̀ níbẹ̀, odò sì pọ̀ níbẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀, èdè wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Josip Broz sí. Orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí ni Tito.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ọdún 1892 ni wọ́n bí Josip ní abúlé Kumrovec. Abúlé náà wà ní Croatia òde òní. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ 15 ni ìyá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Owó kò sí nílé.

Ará Croatia ni bàbá Josip, ará Slovenia sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ó lọ gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Èdè ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó padà wá sí Kumrovec láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, èdè mìíràn ló bá níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ le fún un. Ó tún kíláàsì kan ṣe. Ṣùgbọ́n kò fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Bàbá Josip fẹ́ kí ó lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò rí owó ọkọ̀ san. Josip bá lọ sí ìlú Sisak. Ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn ní ilé oúnjẹ kan. Iṣẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣiṣẹ́ irin.

Ogun àti ẹ̀wọ̀n

Ní ọdún 1914, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀. Josip di sójà. Ní ọdún 1915, wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́yìn. Àwọn ará Rọ́ṣíà sì mú un ní òǹdè. Ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lo oṣù 13 ní ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ló ti kọ́ èdè Rọ́ṣíà.

Ó padà sílé ní ọdún 1920. Orílẹ̀-èdè tuntun ti wà níbẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní Yugoslavia. Ọba ló ń ṣe ìjọba rẹ̀. Josip wọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, ó ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Wọ́n mú Josip ní ọdún 1928, ó sì lo ju ọdún márùn-ún lọ ní ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó ń pa orúkọ dà kí ọlọ́pàá má baà mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà ni Tito. Òun ló mọ́ ọn lára.

Odò Neretva

Ní ọdún 1941, ogun Jámánì àti ti Ítálì wọ Yugoslavia. Ọba sá lọ sí òkè òkun. Tito kò sá. Ó kó ọkùnrin àti obìnrin jọ láti inú gbogbo ẹ̀yà. Wọ́n ń jà láti inú igbó àti orí òkè.

Ní oṣù kẹta ọdún 1943, ọ̀tá lé wọn dé ẹ̀bá odò Neretva. Wọ́n ní àwọn aláìsàn àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ tó bí 4.000. Ebi ń pa wọ́n. Òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá fi àwọn aláìlera sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ì bá yá. Tito kọ̀, kò fi wọ́n sílẹ̀.

Ó ní kí wọ́n wó afárá tó wà lórí odò náà. Ọ̀tá rò pé Tito kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni! Àwọn èèyàn Tito to pákó sórí irin afárá tó wó. Ní òru, wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kọjá, wọ́n sì gun òkè lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, bọ́ǹbù bú gbàù nítòsí Tito. Ó ṣe é léṣe ní apá. Ajá rẹ̀, Luks, kú níbẹ̀.

Olórí orílẹ̀-èdè

Ogun parí ní ọdún 1945. Tito di olórí ìjọba. Ó di ààrẹ ní ọdún 1953. Stalin, olórí Rọ́ṣíà, fẹ́ máa pàṣẹ fún un. Tito kò gbà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Tito ṣe ló dára. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ko òun. Ìjọba rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù olókùúta kan tó ń jẹ́ Goli Otok. Ìyà jẹ wọ́n gan-an níbẹ̀.

Ní ọdún 1961, Tito wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Galeb, wá sí Áfíríkà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ yìí láti máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Áfíríkà lọ sí Ítálì! Tito dé Gánà, ó sì dé Tógò. Ní ọdún yẹn kan náà, ó pe ìpàdé ńlá ní Belgrade. Kwame Nkrumah ti Gánà wà níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní tẹ̀ lé Amẹ́ríkà, àwọn kò sì ní tẹ̀ lé Rọ́ṣíà.

Tito kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1980. Lẹ́yìn ọdún 11, àwọn ẹ̀yà tó kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Yugoslavia tú ká. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà; bí ọwọ́ bá tú, àyà kò ṣe é sọ mọ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
Òǹdè: ẹni tí ọ̀tá mú lójú ogun.
Erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká.

Ìbéèrè
1. Kí ló mú kí ẹ̀kọ́ le fún Josip?
2. Iṣẹ́ wo ló kọ́ ní Sisak?
3. Ọgbọ́n wo ni Tito dá ní odò Neretva?
4. Sọ ohun kan tí Tito ṣe tó dára, àti ọ̀kan tí kò dára.