Ìtàn Thomas Telford, Ọ̀gá nínú Iṣẹ́ Afárá

Bí ìlú kan bá fẹ́ kọ́ afárá, ọ̀rọ̀ owó ni ó máa ń kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó mọ bí a ti í ṣọ́ owó ná.

Ilẹ̀ Skọ́tlándì ni a ti bí Thomas Telford ní ọdún 1757. Darandaran àgùntàn ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún kan nígbà tí bàbá yìí kú, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì tọ́ ọ nínú ìṣẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́, ó sì ń kàwé títí ó fi di alábòójútó iṣẹ́ ìjọba ní agbègbè Shropshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1787.

Ní ọdún 1795, odò Severn kún, ó sì gbé afárá àtijọ́ tí ó wà ní Buildwas lọ. Irin ni Telford fi ṣe òmíràn ní ọdún 1796. Ẹsẹ̀ bàtà 130 ni ó gùn láti bèbè dé bèbè, irin rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 173. Afárá irin kan ti wà nítòsí lórí odò kan náà, tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 30 kúrú sí i, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù 378 ni irin tirẹ̀. Ọgbọ́n ni Telford fi dín irin kù, kì í ṣe ahun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Pontcysyllte ní ilẹ̀ Wales, níbi tí òun àti ọ̀gá rẹ̀, William Jessop, ti fi afárá gbé odò àfọwọ́gbẹ́ kọjá lókè odò Dee. Inú ọpọ́n irin ni omi náà ń gbà, ní ẹsẹ̀ bàtà 126 sókè. Wọ́n sì dá ihò sí inú àwọn òpó òkúta lápá òkè kí wọ́n lè fúyẹ́. Iṣẹ́ ọdún 10 ni. Ó ná wọn ní nǹkan bí £47,000, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1805. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣọ́wóná kọ́ ni ó ń so èso rere. Ní ọdún 1803 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ Caledonian la ilẹ̀ Skọ́tlándì já, Telford sì ni olórí iṣẹ́ náà. Ọdún 7 ni wọ́n dá fún un. Owó tí wọ́n ṣírò sílẹ̀ kò tó £500,000. Ogun mú kí ọjà àti owó iṣẹ́ wọ́n. Ọdún 1822 ni wọ́n tó ṣí i, owó rẹ̀ sì ti kọjá £900,000. Kí owó lè dín kù, wọ́n dín jíjìn omi náà kù láti ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 15. Nígbà tí ọkọ̀ ńláńlá dé, wọn kò rí ibẹ̀ gbà. Láti ọdún 1843 sí 1847 ni wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, pẹ̀lú owó mìíràn.

Telford kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó kú ní ọdún 1834, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti sin ọ̀pọ̀ ọba.

Ẹ̀kọ́ kan ni èyí fún ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí a bá dáwó jọ fún afárá, kí a má ṣe wo ẹni tí iye owó rẹ̀ kéré jù lọ nìkan. Kí a bèèrè ohun tí ó yọ kúrò kí owó náà tó kéré. Bí ó bá jẹ́ ẹrù tí kò wúlò ni ó yọ, ó yẹ kí a yìn ín. Bí ó bá jẹ́ jíjìn ìpìlẹ̀ ni, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè náà.