Ìtàn Ìgbésí-Ayé Olóògbé J. P. L. Davies, Oníṣòwò àti Olóore Ìlú Èkó

Nígbà tí a ń ṣe àkójọ ìwé ìrántí yìí, a rò ó pé kò yẹ kí ó jẹ́ àwòrán àti ìkíni nìkan ni yóò kún inú rẹ̀. A fẹ́ kí ẹni tí ó bá mú un relé rí ohun kan kà nígbà tí ìlù bá ti dákẹ́, tí a sì ti ká àga nílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn ọkùnrin kan wá fún yín, tí ó ti papò dà láti ọdún 1906, ṣùgbọ́n tí ọrẹ tí ó ta ìlú rẹ̀ kò tíì bá a kú. Orúkọ rẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan Èkó nínú ọ̀rọ̀ àwa tí a wà ní àjò. Ìdáhùn wa ni pé Davies fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Èkó. Àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àlejò níhìn-ín. Ìlú àjò ni a bí i sí, ìlú àjò ni ó ti kàwé, ìlú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ ni ó ti ṣòwò, ibẹ̀ náà ni ó sì na owó rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

A bí Davies ní ọjọ́ 13 oṣù Ògọ́sítì, ọdún 1828, ní abúlé Bathurst ní ilẹ̀ Sàró. Ẹ̀gbá Abẹ́òkúta ni a ka bàbá rẹ̀ sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi dé ilẹ̀ Sàró. Ńṣe ni a tà wọ́n lẹ́rú, tí a sì kó wọn sọ́kọ̀, kí ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lójú òkun, tí ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni òmìnira. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi ilé sílẹ̀ kí ó lọ dá ilé sílẹ̀ níbòmíràn, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn-àjò tiwa sàn ju tiwọn lọ.

Àwọn òbí rẹ̀ fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama CMS ní Freetown, ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ èdè Látìnì àti ti Gíríìkì, ó kọ́ ìtàn inú Bíbélì, ó sì kọ́ orin. Lẹ́yìn èyí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1849 ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun, ẹgbẹ́ ọkọ̀ kan náà tí ó ń lé àwọn olówò ẹrú lójú òkun. Ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbani sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dojú ìjà kọ Èkó ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1851, tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Davies wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ fún àwọn oníṣòwò, ó sì ń tukọ̀ kiri etíkun ilẹ̀ wa. Ọdún 1856 ni ó wá tẹ̀dó sí Èkó.

Ibẹ̀ ni ó ti di oníṣòwò ńlá. Ó ń kó ọjà òkè òkun wọlé, ó sì ń kó ọjà ilẹ̀ wa jáde. Kò pẹ́ tí ó fi wà lára àwọn tí a ń dárúkọ bí a bá ń ka àwọn olówó Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó lówó ni a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ni ó lówó nígbà náà tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́.

Ní ọdún 1859, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay ń wá ọ̀nà láti dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó. Àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni àlùfáà yìí, òun ni ó fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Èrò dára, olùkọ́ wà, ṣùgbọ́n ìwé àti ohun èlò kò sí, owó ni a sì fi ń rà wọ́n. Ní oṣù Épírì ọdún náà ni Davies fi £50 lé e lọ́wọ́ kí ó fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù ọdún 1859, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé oníyàrá kan ní Broad Street.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní ọjọ́ tí Davies gbé owó yẹn kalẹ̀, kò sí ilé tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ aṣọ kan náà tí yóò kọrin fún un. Owó tí ó ṣòro jù láti yọ nìyẹn, owó tí a dá nígbà tí kò tíì sí ohun tí a lè fojú rí. Bí ilé bá ti dé òrùlé, àwọn tí yóò fẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sí ara ògiri kì í wọ́n. Ẹni tí ó ra ìpìlẹ̀ ni kì í pọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń dàgbà, ilé oníyàrá kan kò sì lè gbà á mọ́. Ní ọdún 1867, a gbé àpò ìkówójọ kan kalẹ̀ fún kíkọ́ ilé rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòní sọ ọ́, a ó ní ìfilọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe. Davies tún yọ £100. Charles Foresythe dá £40. Moses Johnson, I. H. Willoughby, T. F. Cole àti James George náà dá owó. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ Sàró bíi Davies. Ṣùgbọ́n ẹni kan wà nínú àwọn tí ó dá owó tí kì í ṣe Sàró rárá, èyíinì ni Daniel Conrad Táíwò, ọmọ Ìṣẹrì, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó. Òun dá £50.

A fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa. Àwọn Sàró àti àwọn onílé kì í fi gbogbo ìgbà rẹ́ ní Èkó ìgbà náà. Aṣọ wọn yàtọ̀, ìṣe wọn yàtọ̀, olúkúlùkù sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, orúkọ ọmọ Ìṣẹrì àti orúkọ àwọn ọmọ Sàró wà nínú ìwé owó kan náà. Ọjà tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ọ̀sán kò ní kí wọ́n má pàdé níbi àpò kan.

Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni Davies fi ọwọ́ sí. Ní oṣù Òkítóbà ọdún 1866, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi ìpàdé kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Academy, níbi tí àwọn ará ìlú ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, kí wọ́n sì ṣe àríyá tí ó ní láárí. Nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú, ó ti gbé Sara Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1862. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin yìí, àwọn ará Dàhòmì ni ó mú un lẹ́rú nígbà tí ó wà ní kékeré, Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ní ọdún 1863, orúkọ ọbabìnrin náà ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí, àwọn tí ń kọ ìtàn olówó a máa fò ó. Àwa kò ní fò ó. Ní àwọn ọdún 1870, òwò Davies dojú rú. Gbèsè wọlé, òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ẹni tí ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́, nígbẹ̀yìn ó di ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́ níwájú òfin. Ọkùnrin tí ó ń fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tọrẹ wá di ẹni tí a ń ka dúkìá rẹ̀. Bí ìyẹn ti ń dùn ún lọ́wọ́, àìsàn ikọ́ àwúgbẹ kọlu ìyàwó rẹ̀, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1880.

Nítorí náà a kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ níbi yìí. A gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí níbi ìfilọ́lẹ̀ pé bí o bá yọ náírà kan, mẹ́wàá yóò padà wá bá ọ kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ọrẹ tí Davies ta kò ní kí òwò rẹ̀ má bàjẹ́. Ohun tí a lè sọ ni pé nígbà tí àwọn tí ó jẹ lówó dé láti wá kó ohun tí ó kù, ohun kan wà tí wọn kò lè kó. Wọn kò lè kó ìwé tí ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Wọn kò lè gba ìmọ̀ kúrò ní orí ẹni tí ó ti kàwé tán. Nínú gbogbo ohun tí ó ní, èyí tí ó ti fi tọrẹ nìkan ni ó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.

Davies kò sì jókòó sunkún. Ó kọjú sí oko. Ní ọdún 1879 àti 1880 ó rí irúgbìn kòkó gbà láti inú ọkọ̀ kan tí ó ti Brazil wá, àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn wọ́n sí oko rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ó wà lára àwọn aṣáájú tí ó fi ojú kòkó han ilẹ̀ Yorùbá. Kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ó fi han Jacob Kehinde Coker ti Agége, ẹni tí ó ṣe púpọ̀ kí àgbẹ̀ kòkó tó tàn ká ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ọ̀fẹ́ ní Western Region láti ọdún 1955, ẹ mọ̀ pé owó kòkó ṣe gudugudu méje nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ 29 oṣù Épírì ọdún 1906 ni Davies dákẹ́, ó jẹ́ ẹni ọdún 77. Àwọn ọmọ mẹ́fà ti Broad Street ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀ nígbà náà. Láti inú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni àwọn àlùfáà, akọ̀wé ìjọba àti olùkọ́ ti ń jáde. Herbert Macaulay, ọmọ ọ̀gá àkọ́kọ́, kàwé níbẹ̀ kí ó tó di aṣáájú òṣèlú tí ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923. Ilé-ẹ̀kọ́ náà pé àádọ́jọ ọdún ní 2009, ó sì ń bẹ ní Bàrígà títí di òní. Ilé òwò Davies ńkọ́? Ẹ wá a ní Èkó, ẹ kò ní rí i.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ẹ ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, pé kí ni a ó fi owó ńlá kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ní ìlú tí a ó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Púpọ̀ nínú wa ti rí ọjọ́ tí a kó ẹrù ní òru. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò lè dúró de ọjọ́ tí a ó padà sílé kí wọ́n tó mọ ìwé. Ibi tí ọmọ ń gbé ni ó ti ń dàgbà. Davies kò dúró de Abẹ́òkúta kí ó tó ṣe oore.

A kò sì ní kí oníkálukú ṣe tó Davies. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ẹni tí ń ta páàtì mọ́tò, ìyá tí ń ta gààrí, télọ̀ àti onímọ́tò, ohun tí agbára olúkúlùkù ká ni a ń béèrè. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín: iye tí ẹ bá kéde ni kí ẹ san. Akápò wa ṣì ní orúkọ àwọn tí a lu ìlù fún nígbà kan, tí a ń retí owó wọn títí di òní. Lójú tiwa, ẹni tí ó dá náírà kékeré, tí ó sì san án, sàn ju ẹni tí ó kéde ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ.

Òwò a máa lọ sókè, a sì máa wálẹ̀. Ohun tí a bá fi sí ọwọ́ àwọn ọmọ kì í bá a wálẹ̀. Ọlọ́run yóò bùkún òwò yín, ẹgbẹ́ wa yóò sì máa gbèrú. Àmín.