Mary McLeod Bethune: Olùkọ́ tí Ó Di Olùdámọ̀ràn Ààrẹ

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí ó la ọ̀nà sínú ìṣèlú Amẹ́ríkà, orúkọ Ìyáàfin Mary McLeod Bethune kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. A kò dìbò yàn án sí ipò kankan, síbẹ̀ Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà a máa gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé e débẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1875, ni a bí i nítòsí Mayesville ní South Carolina. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, oko òwú ni òun náà sì dàgbà sí. Ní ọjọ́ kan, ó mú ìwé lọ́wọ́ ní ilé òyìnbó tí ìyá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ onílé pàṣẹ pé kí ó gbé e sílẹ̀, nítorí kò mọ̀wé kà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn. Nígbà tí ìjọ ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè wọn, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rin máìlì márùn-ún lọ síbẹ̀.

Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni láti wá wàásù ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Ó gba ẹ̀kọ́ fún un ní Chicago, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso ìjọ ní kò sí àyè fún adúláwọ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ó gba iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1904, pẹ̀lú dọ́là kan àti ààbọ̀, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Daytona, Florida, fún ọmọbìnrin márùn-ún àti ọmọ tirẹ̀. Àpótí ẹrù ni tábìlì wọn, èédú ni pẹ́ńsù, omi èso ni tàdáwà. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó di Yunifásítì Bethune-Cookman.

Nígbà tí òfin fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1920, ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìwé kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀, ó sì wá owó tí wọn yóò san kí wọ́n tó lè dìbò. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan fi aṣọ funfun bojú, wọ́n sì wọ́ wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà lóru láti dẹ́rù bà á. Kò sá. Ó ní kí wọ́n tan gbogbo iná; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọrin ìsìn títí àwọn aṣebi náà fi lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, òun ni ó ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ.

Ní 1935 ó so àwọn ẹgbẹ́ obìnrin adúláwọ̀ pọ̀ di ìgbìmọ̀ kan. Ní 1936, lábẹ́ Ààrẹ Roosevelt, ó di olórí ẹ̀ka ọ̀ràn adúláwọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ka yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ mú wọn dúró ní ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó béèrè ni ó rí gbà: òfin tí ì bá dá ẹ̀ṣẹ̀ pípa adúláwọ̀ láìdájọ́ lẹ́kun kò kọjá nígbà ayé rẹ̀.

Ní 1945, nígbà tí a ń dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní San Francisco, òun, Du Bois àti Walter White wà níbẹ̀, wọ́n ń gbẹjọ́ àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń jọba lé lórí rò. Ní 1952, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà níkẹyìn: ìjọba Amẹ́ríkà rán an lọ sí Liberia, nígbà tí Ààrẹ Tubman ń gba ìjọba lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ìjọ kò rán, ìjọba rán an.

Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 1955. Ní 2022, ìpínlẹ̀ Florida gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ní ipò ère ọ̀gágun kan tí ó jà fún àwọn tí kò fẹ́ kí oko ẹrú parẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe fojú kéré yàrá kékeré tí ẹ wà. Inú irú rẹ̀ ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀.