Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, Ìyá Ọlọ́jà Tí Ìjọba Kò Lè Fowó Rà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, owó ọjà ni wọ́n fi ń rán ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ìwé. Ìyá ẹlòmíì ń tajà ní Ojúwòyé, ti ẹlòmíì wà ní Tẹ̀júoṣó tàbí Oyíngbò. Torí náà, ó yẹ ká mọ obìnrin tó ti jà fún àwọn ọlọ́jà Èkó kí wọ́n tó bí àwọn ìyá wa.

Ẹja ni Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà ń tà ní ọjà Ẹrẹ́kò, ní Erékùṣù Èkó. Mùsùlùmí ni. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà, àmọ́ ó mọ ọjà, ó sì mọ èèyàn. Àwọn ará Ẹrẹ́kò fi í ṣe olórí wọn. Nígbà tó yá, ó di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà gbogbo Èkó. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, gbogbo wọn á sì pàdé, wọ́n á jọ fẹnu kò. Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn.

Èkó ń tóbi nígbà yẹn. Lọ́dún 1931, àwọn èèyàn ibẹ̀ lé ní 126,000. Nígbà tó fi di 1950, wọ́n ti lé ní 230,000. Bí ìlú bá ń tóbi, ọlọ́jà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó kúrò lọ́nà. Ìjọba òyìnbó fẹ́ kó ọjà Ẹrẹ́kò lọ sí Olúwọlé. Pẹlẹwúrà àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọn ò kúrò.

Lọ́dún 1940, nígbà ogun Hitler, ìjọba ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù December, àwọn obìnrin tú jáde, ó di ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà. Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba ni pé, nígbà tí obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ ẹ̀? Kò pẹ́ tí ìjọba fi sún £50 yẹn sókè sí £200. Bí owó orí náà ṣe fo ọ̀pọ̀ ọlọ́jà dá nìyẹn.

Ìjà tó le jù ni ti gàrí. Lóòótọ́, oúnjẹ wọ́n nígbà ogun, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ké. Ìjọba bá ní kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen máa bá ọlọ́jà dá iye lé oúnjẹ. Àmọ́ iye tó dá lé e kéré ju iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á lóko. Ta ló máa tajà kó jẹ gbèsè? Oúnjẹ wá di àwátì, àwọn kan ń tà á ní kọ̀rọ̀. Pullen rí i pé òun ò lè dá a ṣe. Ó pe Pẹlẹwúrà, ó fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá òun ṣiṣẹ́. Nígbà yẹn, lébìrà ò lè rí £100 gbà lódindi ọdún kan! Pẹlẹwúrà kọ̀ ọ́. Wọ́n ń bá ìjà náà lọ títí tí ìjọba fi pa ètò yẹn tì lọ́dún 1945.

Ọdún 1950 ni àwọn obìnrin Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbò di. Pẹlẹwúrà kú lọ́dún 1951. Ìyẹn ni pé gbogbo ìjà tó jà yìí, kò sí káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa. Àwa náà ò tíì pé ọdún 18, a ò lè dìbò. Mushin àti Yaba sì ń tóbi lójoojúmọ́, wọ́n ṣì ń lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù pé kí ọlọ́jà kúrò. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ò lè ka ìwé yẹn, àmọ́ àwa lè kà á. A lè bá wọn kọ èsì, a lè bá wọn lọ sípàdé ọjà, ká máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Pẹlẹwúrà tí kò kàwé ò dúró de ẹnì kankan. Àwa tá a kàwé, kí là ń dúró dè?