Jon Postel, Akọ̀wé Íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́tà kan tó padà wá bá mi ni mo fi mọ Jon Postel. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa bójú tó ímeèlì ìwé ìròyìn wa yìí, àpótí méjì ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́: ọ̀kan wà lórí server yunifásítì, èkejì wà lórí Gmail. Mo ka tèmi mọ́ ọn, ó di mẹ́ta. Dátà mi kò gbé kí n máa ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bùráúsà láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí náà mo gbé Mutt sórí kọ̀ǹpútà mi. Mutt kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó máa ń hàn lójú dúdú. Lẹ́tà ń wọlé dáadáa láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fèsì fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, server kò gbà á, nọ́ńbà 553 ló fi dá mi lóhùn. Mo wá ìdí nọ́ńbà yẹn lọ títí mo fi dé inú ìwé kan tí Postel kọ ní 1982, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1943 ni wọ́n bí Jonathan Bruce Postel ní Altadena, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, l'Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Van Nuys ló lọ, níbi tí Vint Cerf àti Steve Crocker náà ti kàwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún pàdé ní yunifásítì UCLA. Postel gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1966, ó gba èkejì ní 1968, ó sì di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1974.

Ní 1969, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí yóò so kọ̀ǹpútà UCLA mọ́ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá sí yàrá ìwádìí Leonard Kleinrock. ARPANET ni wọ́n pe ìsopọ̀ náà, òun ló sì bí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa yìí ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣètò bí àwọn kọ̀ǹpútà náà yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Crocker bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá wọn sílẹ̀ sínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC. Orúkọ náà fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, èrò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bèèrè. Postel ló wá di ẹni tó ń fún àwọn ìwé náà ní nọ́ńbà, tó ń tún wọn ṣe, tó sì ń tọ́jú wọn. Iṣẹ́ yìí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ìwé nìkan kọ́ ló ń tọ́jú. Bí ètò kọ̀ǹpútà méjì bá ń lo nọ́ńbà kan náà fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà ni yóò dà. Ní oṣù Karùn-ún 1972, Postel dábàá pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa pín àwọn nọ́ńbà náà, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà fún un. Nígbà tó dé ilé ìwádìí ISI ti yunifásítì Southern California ní 1977, iṣẹ́ náà bá a lọ síbẹ̀, òun àti Joyce Reynolds sì jọ ń ṣe é. Nígbà tó yá ni wọ́n pe iṣẹ́ náà ní IANA. Port 993 tí mo kọ sínú fáìlì Mutt mi kí lẹ́tà lè wọlé, àti 587 tí mo kọ kí ó lè jáde, inú àkójọ IANA yẹn ni àwọn méjèèjì wà.

Oṣù Kẹjọ 1982 ni RFC 821 jáde. Òun ló ṣàlàyé SMTP, ìlànà tí server fi ń gbé lẹ́tà fún server mìíràn. Ó jọ bí àlejò ṣe ń wọlé onílé. Yóò kọ́kọ́ kí i, yóò sọ ẹni tó rán òun, yóò sọ ẹni tí wọ́n rán òun sí, lẹ́yìn náà ni yóò tó jíṣẹ́. Ní gbogbo ìgbésẹ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́ta ni onílé fi ń dáhùn. Bí 2 bá ṣáájú, ó ti gbà. Bí ó bá jẹ́ 3, kí àlejò máa bá ọ̀rọ̀ lọ. 4 ní kí ó lọ padà wá nígbà mìíràn. 5 ní kí ó má tún gbé e wá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Mo ti ní kí Mutt máa yí àdírẹ́sì mi padà bí mo bá ti bọ́ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ni mo fún un, ìyẹn server yunifásítì. Lẹ́tà tó ru orúkọ Gmail wá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, onílé ní òun kò mọ orúkọ yẹn mọ́ mi. Mo kọ fáìlì kékeré kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan, mo fi from àti smtp_url tirẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì fi folder-hook pè é, kí àwọn méjèèjì lè máa yí padà pọ̀. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò sí nínú ìwé 1982 yẹn rárá. Àwọn tó wà lórí ìsopọ̀ náà nígbà yẹn kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Nígbà tí ayé rọ́ dé, àwọn onílẹ́tà jìbìtì gba ẹnu ọ̀nà tí kò ní kọ́kọ́rọ́ wọlé. Oṣù Kejìlá 1998 ni ìwé tó ya port 587 sọ́tọ̀ fún àwa tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ jáde, èyí tó sì fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kún SMTP jáde ní 1999. Postel kò rí èyíkéyìí nínú wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ náà ni pínpín orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Kò fẹ́ dájọ́ ta ni orílẹ̀-èdè, ta ni kì í ṣe é, nítorí náà ó lo àkójọ tí àjọ ISO ti ṣe sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni .ng tiwa ti wá, tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ní 1995. Ìwé tó kọ ní 1994 sọ ọ́ gbangba pé alágbàtọ́ ni ẹni tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe oní-ǹkan.

Ṣùgbọ́n òun náà rí ìdánwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1998, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pinnu ẹni tí yóò máa darí àwọn orúkọ wọ̀nyí, Postel fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó root server mẹ́jọ tí kò sí lábẹ́ ìjọba. Ó ní kí wọ́n máa gba àkójọ láti ọ̀dọ̀ òun. Wọ́n ṣe é. Inú bí ìjọba, ó ní ìdánwò ẹ̀rọ lásán ni, ó sì dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bá a wí. Ní tèmi, ìtàn náà ní ojú méjì: ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹnì kan fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ lágbára ju òfin lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà ní èjìká ẹnì kan ṣoṣo.

Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣètò ICANN tí yóò gba ẹrù náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1998. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, Postel kú ní Los Angeles lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, ọmọ ọdún 55. Vint Cerf kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún un, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí RFC 2468, nínú àwọn ìwé tó fi ayé rẹ̀ tọ́jú. Ẹ̀bùn ọlọ́dọọdún kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Nii Quaynor ọmọ ilẹ̀ Gánà sì gbà á ní 2007.

Nígbà tó kú, nọ́ńbà kankan kò sọnù, nítorí ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo gba ipò yìí, kò sí ìwé kankan tó sọ server wo ló ń gbé lẹ́tà wo. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bèèrè kiri. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ojú ewé kan péré, ó wà nínú fódà ìwé ìròyìn wa fún ẹni tí yóò gba ipò lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí kọ́kọ́rọ́ ohunkóhun tó jẹ́ ti ẹ̀ka bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa. Kò ní padà mọ́.